Ọwọ́ Ọ̀tún Ni Mo Fi Kí Bàbá Húnsù

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè láti kí àgbàlagbà, kẹ̀kẹ́ mi náà sì gbé mi sókè, ó jù mí nù. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Orí òkè yanrìn Ajídò ni mo wà, mò ń sáré bọ̀ wá sísàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, àfi bí mo ṣe rí Bàbá Húnsù tó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n á ṣe bí ẹni tí kò rí i, á kọjá lọ. Èmi ò gbọ́n. Mo ju ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo kígbe pé, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o!" mo wá fi ọwọ́ òsì tó kù fa bíréèkì.

Bíréèkì ọwọ́ òsì yẹn, táyà iwájú ló ń mú. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí ti mọ èyí tó kù. Táyà iwájú dúró gbọnin, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ dìde, èmi náà bá a dìde, mo gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá, mo sì balẹ̀ sáàárín àwọn àgbá tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń yan ẹja. Kíkí tí mo bẹ̀rẹ̀ lókè, inú eérú ni mo ti parí ẹ̀.

Ohun tó wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀sín ni pé èmi alára ni mo to bíréèkì yẹn. Iṣẹ́ mi ni. Ká ní télọ̀ ni mí, tàbí apẹja, ǹ bá rí ẹlòmíì dá lẹ́bi. Àmọ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti ń hù ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi furúùtù tó wà ní ìyànà Ajídò. Ọ́ńkù Kẹ̀kẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè mí, àtẹni tí mo jù lọ àtẹni tó jù mí lọ. Ìwé tí mo kà kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyẹn náà kò sì parí. Kẹ̀kẹ́ ni mo mọ̀. Kẹ̀kẹ́ ló sì gbé mi sọ sínú eérú lójú ayé.

Ẹni tó bá mọ Àgbádárìgì dáadáa á ti máa bi ara ẹ̀ pé, òkè wo? Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti Ìmẹ̀kẹ títí dé etí òkun, ohun tó ga jù níbí ni igi àgbọn. Àwọn tó ń fa yanrìn lábẹ́ ọ̀sà ló gbé òkè wá bá wa. Wọ́n da yanrìn jọ gègèrè sójú ọ̀nà tó lọ sí èbúté Ajídò, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa lé e kí táyà típà wọn má baà rì. Nígbà tó yá, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Òkè ò bá wọn lọ. Bó ṣe di pé ẹni tó bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ dé èbúté gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tì í gun òkè yẹn láti apá títì, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ ní apá ọ̀sà. Gígùn ẹ̀ ò ní wàhálà, òógùn lásán ni. Sísọ̀ ẹ̀ niṣẹ́ wà. Ó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ní kọ́nà kan láàárín tí òjò ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wọ̀gọ̀wọ̀gọ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ gan-an sì làwọn obìnrin ti ń yan ẹja, tí Bàbá Húnsù ń jókòó sórí ọkọ̀ ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi òkè náà sáré. Wọ́n á tò sókè, ẹnì kan á fọn fèrè, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ọkọ̀ Bàbá Húnsù ló jẹ. Èmi ò bá wọn dá sí i. Bí kẹ̀kẹ́ wọn bá bàjẹ́, wọ́n á gbé e wá, màá tún un ṣe, màá sì bú wọn díẹ̀.

Mùfú ló kó mi wọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, ọmọ ilé àwọn oníṣòwò tó wà létí títì márosẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tuntun lòun ń tà, èyí tí wọ́n yọ látinú páálí, tí ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó ẹ̀. Ti èmi, kẹ̀kẹ́ Kùtọ́nu ni. Òyìnbó ti gùn ún, ó ti sú u, ọkọ̀ òkun gbé e dé Kùtọ́nu, ó wá gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé pẹ̀lú táyà tó ti jò. Mùfú ní iṣẹ́ tòun ni iṣẹ́ ẹni tó wà láàyè, pé òkú lèmi ń wẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń jẹ àkàrà.

"Máwùtìn, èyí tí o tò yìí, ṣé ó lè dé ìsàlẹ̀ òkè Ajídò lódidi?"

"Kí ló máa ṣe é?"

"Mi ò sọ pé nǹkan á ṣe é. Mo ní ṣé ó lè dé lódidi."

"Ó lè dé."

"Ta ló máa gùn ún?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Mo lórúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn, mo níyàwó, mo sì bẹ̀rù òkè yẹn débi pé tí mo bá fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, ńṣe ni mo máa ń fa kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀, tí màá máa dọ́gbọ́n wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó ẹ̀ já bọ́. Àmọ́ àkàrà tó ń jẹ yẹn, bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló bí mi nínú.

"Èmi ni," ni mo wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe rí. Ara kẹ̀kẹ́ onígíà kan ni egungun ẹ̀ ti wá, irú èyí tí wọ́n fi ń gun òkè nílùú òyìnbó. Ọwọ́ ẹ̀ wá látara òmíràn. Ìjókòó ẹ̀, mi ò rántí mọ́. Ó ní ṣọ́kì níwájú, ìyẹn irin méjì tó máa ń rì tó sì ń dìde bí ilẹ̀ bá rí págunpàgun. Ẹ̀yìn ò ní nǹkan kan. Ẹ̀yìn gan bíi pákó. Bí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tí òjò ti jẹ, ìdí ẹni tó gùn ún ni ṣọ́kì ẹ̀yìn. Èyí tó ní ṣọ́kì níwájú lẹ́yìn wà, Mùfú ń tà á. Èmi ní ìdí.

Bí mo ṣe bá wọn sáré ní Sátidé tó tẹ̀ lé e nìyẹn, tí mo kọjá kọ́nà láì mọ bí mo ṣe kọjá, tí mo wá rí Bàbá Húnsù. Ẹ ti mọ èyí tó kù.

Nígbà tí mo gbórí sókè, eérú wà nínú etí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń ké, kì í ṣe nítorí mi, nítorí ẹja ẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín, Mùfú sì jókòó sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Bàbá Húnsù nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Òun ló dàgbà jù ní èbúté, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ ti ìdílé ẹ̀. Ohun tó bá sọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn. Ègùn ni, kì í sì í sáré tó bá ń sọ Yorùbá. Ó máa ń yan ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹja.

"Máwùtìn. Ta lò ń kí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nílé yín nìyẹn?"

Ẹ̀rín tún bú. Bàbá dúró kó lọ sílẹ̀.

"Láti òní lọ, mi ò fẹ́ rí kẹ̀kẹ́ lórí òkè yìí mọ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá síbí, kó fẹsẹ̀ rìn. Ẹ fẹ́ pa àwọn obìnrin yìí."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa, tèmi ló kọ́kọ́ tán. Ta ló ń gbé kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ mi? Àwọn tó ń lọ ra ẹja ní èbúté ni. Àwọn tó ń gbé àwọ̀n lọ, tí wọ́n ń gbé yìnyín lọ, tí wọ́n ń gbé ẹja yíyan jáde lọ sí Ìmẹ̀kẹ àti inú ìlú. Bí kẹ̀kẹ́ ò bá lè dé èbúté mọ́, kí ni wọ́n máa fi kẹ̀kẹ́ ṣe? Kò ní pẹ́ tí igi furúùtù mi á padà di igi lásán, èmi náà á wá di bàbá kan tó ń sùn lábẹ́ ẹ̀.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà nínú eérú, nítorí náà mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní wá ibi tí mo máa ti bẹ̀bẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi ní Sátidé kan péré."

"Láti ṣe kí ni?"

"Láti sọ̀ kalẹ̀ láì ṣubú."

"Ọmọdé ń ṣe ìyẹn."

"Láti sọ̀ kalẹ̀, kí n sì kí yín."

Ó wò mí. "Pẹ̀lú ọwọ́?"

"Pẹ̀lú ọwọ́."

"Ọwọ́ wo?"

"Ọ̀tún, Bàbá! Ṣé orí mi dàrú ni?"

Àwọn obìnrin pariwo. Bàbá Húnsù ní ó dáa, Sátidé kan péré. Bí mo bá ṣubú, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo sùn lọ́jọ́ náà. Ìyá Sènámì ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, ẹnu ẹ̀ sì le ju iná tó fi ń yan ẹja lọ. Ó ń fi àdín pa mí léjìká, ó ń bú mi bó ṣe ń pa á.

"Kí ló ń ṣe ẹ́ ná? Ṣé o ò lè kọjá lọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n kọjá Bàbá Húnsù láì kí i?"

"Rárá. Ìyẹn ò dáa."

"Kí n wá fi òsì kí i?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Òsì kẹ̀? Sí bàbá àgbà?"

"Ó dáa, kí ni kí n ṣe?"

Ó tẹ àdín mọ́ mi léjìká débi pé mo ké. "Èmi kọ́ ni mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe," ló wí.

Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ yẹn. Ọwọ́ mi ò ṣẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé mi lọ sókè, tí mo tún rí Bàbá, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà á tún dìde. Kò ní bi mí. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn ìyá mi ni wọ́n ti ń gbá mi lọ́wọ́ òsì pé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kí èèyàn. Kò sẹ́ni tó lè yọ ìyẹn kúrò lára mi mọ́. Kẹ̀kẹ́ ló ṣẹ̀. Kẹ̀kẹ́ la lè tú palẹ̀.

Bíréèkì kẹ̀kẹ́ jẹ́ méjì, ọ̀kan fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, wáyà ló so ọwọ́ pọ̀ mọ́ táyà. Tiwájú ló lágbára jù. Tẹ̀yìn máa ń wọ́ èèyàn lọ díẹ̀ kó tó dúró, àmọ́ kì í jù ú. Kẹ̀kẹ́ Kùtọ́nu, òsì ni tiwájú. Kẹ̀kẹ́ dúdú onírin táwọn bàbá wa gùn, èyí tí wọ́n fi ń gbé àpò àgbàdo àti ìyàwó, ọ̀tún ni tiwájú. Ibodè la wà, gbogbo nǹkan ló ń pàdé níbí: owó méjì, èdè mẹ́ta, bíréèkì oríṣi méjì. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì bi ara mi rí pé kí ló fà á.

Ohun tí ò jẹ́ kí n bi ara mi ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá Kòjó, ará Àjàṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́, ẹnu ẹ̀ ò sì mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ń tẹnu mọ́ ju gbogbo ẹ̀ lọ: "Bó ṣe wá ni kó ṣe lọ. Ẹni tó ṣe é ní ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀." Nígbà kan mo gbé aago kẹ̀kẹ́ kan láti òsì lọ sí ọ̀tún, torí pé ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n tú gbogbo kẹ̀kẹ́ náà, títí dé àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú ẹ̀, kí n tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn, òun ló jẹ tèmi. Látìgbà náà, bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe wá ni mo ń jẹ́ kó lọ.

Àmọ́ mo wá rò ó lórí ẹní yẹn. Òyìnbó tó fi bíréèkì iwájú sí òsì, ta ló ń pàdé tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè? Igi ni. Ta ló ń kí igi? Kẹ̀kẹ́ yẹn ti kúrò níbẹ̀. Ó ti dé Ajídò, àgbàlagbà wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó gùn ún máa ní láti kúrò lórí bíréèkì, a fẹ́, a kọ̀. Èyí tó máa kù sí òsì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní pa á. Mo bẹ Ọ̀gá Kòjó níbi tó wà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo yọ wáyà méjèèjì, mo gbé iwájú lọ sí ọ̀tún, mo gbé ẹ̀yìn wá sí òsì.

Mi ò dúró lórí kẹ̀kẹ́ tèmi nìkan. Orí kunkun ti gbé mi. Kẹ̀kẹ́ Kùtọ́nu tí wọ́n bá gbé wá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ì báà jẹ́ pé táyà ló jò, mo pààrọ̀ bíréèkì ẹ̀, mo sì sọ fún ẹni tó ni ín. Wọn ò gbọ́, tàbí wọ́n gbọ́, wọn ò rántí. Sìkírá tó ń gbé ẹja lọ sí Ìmẹ̀kẹ ló kọ́kọ́ padà wá, ìgbáròkó ẹ̀ ti bo.

"Ọ́ńkù Kẹ̀kẹ́, ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ̀yìn ni mo fà, iwájú ló dúró!"

"Mo sọ fún ẹ."

"Ẹ sọ fún mi, ẹ ò sọ fún ọwọ́ mi! Ẹ dá a padà bó ṣe wà."

"Mi ò dá a padà."

"Ọ́ńkù!"

"Máa gùn ún bẹ́ẹ̀ ná. Tí o bá pàdé àgbàlagbà lọ́nà, kí i, kí o wá sọ fún mi bó ṣe rí."

Ó bú mi dé ìyànà. Inú ẹ̀ ò dùn, tèmi náà ò sì dùn, torí mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mùfú náà gbọ́, ló bá wá. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀pà ló ń jẹ.

"Wọ́n ní o ti ń kọ́ òyìnbó ní kẹ̀kẹ́."

"Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni."

"Gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, òsì ni iwájú. Àwọn tó ṣe wọ́n ò gbọ́n tó ẹ, àbí?"

"Wọ́n gbọ́n. Wọn ò mọ Bàbá Húnsù ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. Lẹ́yìn tó wúkọ́ tán, ó ní òun náà máa sáré ní Sátidé, òun á mú èyí tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù òun wá, èyí tó ní ṣọ́kì níwájú lẹ́yìn, kí gbogbo ayé lè fojú rí ìyàtọ̀. Mo ní kó máa bọ̀.

Mo ń dánnu, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Láràárọ̀ ni mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè kí àwọn èèyàn tó jí tán, tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo sọ̀ kalẹ̀. Àgbọn kan ni mo fi ṣe Bàbá. Mo gbé e kalẹ̀ sí ibi ọkọ̀ ẹ̀, màá sáré bọ̀, màá gbé ọwọ́, màá kí àgbọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ fi mí sílẹ̀, ó lọ kí àgbọn náà fúnra ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ mo wá mọ̀ ọ́n. Ẹ ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì pa eré náà kù lẹ́yìn kọ́nà. Ẹ ó wá ti ìdí yín sẹ́yìn kúrò lórí ìjókòó, títí táyà ẹ̀yìn fi fẹ́ẹ̀ máa gbá yín, kí ẹrù lè wà lẹ́yìn. Ìgbà náà ni ọwọ́ ọ̀tún á dìde. Òsì á máa fa ẹ̀yìn jẹ́jẹ́, ìrù kẹ̀kẹ́ á máa jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún bíi ti ajá tó rí ọ̀gá ẹ̀, àmọ́ kò ní jù yín. Ìdí mi sọ fún mi lálaalẹ́ gbogbo ibi tí òjò ti gbẹ́ lórí òkè yẹn.

Sátidé pé. Gbogbo Ajídò ló wà nísàlẹ̀. Àwọn obìnrin ti ká àgbá wọn kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ ti gbé tiẹ̀ dé etí omi, ó ní òun mọ àbúrò òun. Bàbá Húnsù wà lórí ọkọ̀ ẹ̀. Lókè, àwọn ọ̀dọ́ ń fo sókè fo sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Mùfú dé àkẹtẹ̀ líle tí wọ́n fi ń gun ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ń dán, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó. Èmi ti sá lọ tọ̀ nínú igbó títí ó fi sú mi. Mo wo ìsàlẹ̀. Mo rò ó pé mo ṣì lè sọ pé orúnkún ń dùn mí. Mo rí igi furúùtù mi lọ́kàn, pẹ̀lú bàbá tó ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́.

Fèrè dún. Àwọn ọ̀dọ́ lọ bí òkò. Mùfú tẹ̀lé wọn, ó ń pariwo. Èmi ni mo gbẹ̀yìn, mo sì mọ̀ pé èmi ni màá gbẹ̀yìn. Eyín mi ń gbá ara wọn, ojú mi kún fún erùpẹ̀ wọn, àmọ́ látẹ̀yìn yẹn ni mo ti rí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kọjá Bàbá Húnsù fìrì. Kò sẹ́ni tó kí i. Wọn kì í ṣe ọmọ tí kò níwà. Ọwọ́ wọn ò kúrò lórí bíréèkì, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí ẹnu wọn ṣí. Bàbá ń yí ojú tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mùfú ló kàn. Mùfú rí Bàbá, mo mọ̀ pé ó rí i, torí mo rí i tí orí ẹ̀ yí. Ó rántí eérú tí mo bọ́ sí. Ó gbọ́n jù mí lọ, kò fẹ́ ṣubú. Ó di ọ̀tún mú, níbi tí bíréèkì ẹ̀yìn tiẹ̀ wà, ó wá ju ọwọ́ òsì sókè gbàgà, ó ń jù ú síbí jù ú sọ́hùn-ún.

"Bàbá o! Ẹ kú àárọ̀ o!"

"Háà!" Gbogbo obìnrin ló ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ké jù. "Òsì! Mùfú! Òsì lo nà sí bàbá?"

Èmi náà dé kọ́nà. Ṣọ́kì iwájú rì, ìdí mi san tẹ̀yìn. Mo pa eré kù, mo ti ara mi sẹ́yìn, mo gbàdúrà kan tí mi ò lè kọ síbí, ọwọ́ ọ̀tún mi dìde. Òsì fa ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ jù síhìn-ín, ó jù sọ́hùn-ún, ó ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́yìn. Kò jù mí.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o! Mì fọ́n ganjí à? Ṣé ẹ jíire? Ará ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Mo ti jìyà kíkí yẹn débi pé mi ò lè ṣe é ní kúkúrú. Mo kí i títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn. Ká sòótọ́, ìdí mi ò ṣeé fi jókòó mọ́, mo kàn jẹ́ kó rí bí ọ̀wọ̀ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń jiyàn nípa ẹni tó jẹ. Mùfú ṣí àkẹtẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò fi ṣe àfojúdi. Bí mo bá gbé ọ̀tún, mo máa ṣubú. Bíréèkì ló fà á."

"Mo rí i," ni Bàbá Húnsù wí. Ó wo kẹ̀kẹ́ tó ń dán, ó wo tèmi tí erùpẹ̀ bò. Sìkírá wà láàárín èrò, agbọ̀n ẹja wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó gbé ohùn sókè láì jẹ́ pé ẹnì kan bi í.

"Bàbá, èmi náà kí ìyá ọkọ mi lọ́nà Ìmẹ̀kẹ lánàá. Mi ò ṣubú. Ọ́ńkù ti bá mi pààrọ̀ tèmi, mo kàn ń bú wọn lásán ni."

Bàbá yí sí mi. "Máwùtìn, ṣé o lè ṣe ti gbogbo wọn bẹ́ẹ̀?"

"Mo lè ṣe é, Bàbá."

"Ti Mùfú náà ńkọ́?"

Mo wo Mùfú. Ó ń wo ilẹ̀. "Tó bá gbé e wá," ni mo wí.

Bàbá Húnsù dìde lórí ọkọ̀ ẹ̀. Ó yan ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kẹ̀kẹ́ tó bá mọ èèyàn kí, kó máa bọ̀. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó dúró sí títì."